Ìkéde Baálẹ̀ Òkè-Ìrókò Lórí Ìwé Ìfẹ́ Tí Wọ́n Fi Pọ́n Àkàrà

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń rokà, kó fi orógùn sílẹ̀! Ẹni tó ń jà, kó sinmi ná, kó padà máa jà tí mo bá ti kọjá! Baálẹ̀ ló rán mi. Èmi kọ́ o!

Ẹ rántí ìwé ìfẹ́ ayé àtijọ́ tí Tíṣà Morádéyọ̀ gbé wá láti Ìbàdàn, èyí tó nípọn bí ìrọ̀rí. Ó ń ti ọwọ́ obìnrin kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn, ọbẹ̀ sì ń jóná káàkiri àdúgbò. Baálẹ̀ bínú. Ó ní ìwé ọ̀lẹ ni. Ó gbẹ́sẹ̀ lé e! Ó ya ìdajì rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó ní kí Ìyá Bọ́sẹ̀dé máa fi pọ́n àkàrà. Ìdajì tó kù, ó gbé e wọlé láti fi dáná.

Kò fi dáná o! Baálẹ̀ ní òun kàn fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kóun lè mọ irú ìwà ìbàjẹ́ tó wà níbẹ̀. Ó ń yẹ̀ ẹ́ wò títí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù. Ó ń yẹ̀ ẹ́ wò ní ìpàdé àwọn àgbà, lábẹ́ agbádá. Àyẹ̀wò wá dé ibi tí wọ́n fẹ́ fi Ọmọọba Àbẹ̀ní fún ọba arúgbó kan ní tipátipá. Balógun Akínṣọlá tí ọkàn rẹ̀ yàn wà lójú ogun, wọ́n sì ti ta á lọ́fà láyà. Ibẹ̀ ni ìwé tán! Ibẹ̀ ni ìwé tán o, ẹ̀yin ará ìlú! Àfọwọ́fà ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò wí fún Baálẹ̀? Kò jẹun mọ́. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní èéfín ni.

Nítorí náà, Baálẹ̀ pàṣẹ:

Èkíní: ẹni tó bá ra àkàrà lọ́wọ́ Ìyá Bọ́sẹ̀dé, kó dá bébà rẹ̀ padà. Tepo-tepo ni! Ẹ má fọ̀ ọ́ o! Ẹ má fọ̀ ọ́!

Èkejì: Ìyá Bọ́sẹ̀dé kò gbọdọ̀ fi bébà pọ́n nǹkan kan mọ́. Kó lọ já ewé.

Ẹ̀kẹta: ẹni tó bá ti fi bébà náà nu ọwọ́, yóò ro ọ̀nà odò. Ẹni tó bá fi nu ibòmíràn, kó dákẹ́, kó mú ọkọ́, kó lọ bá wọn níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: Tíṣà Morádéyọ̀ ni yóò to àwọn bébà náà tẹ̀ léra. Àṣẹ ni o, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Baálẹ̀ ní ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ̀karùn-ún: èèwọ̀ ṣì ni kíka ìwé ìfẹ́ nílùú yìí!

Ẹ̀kẹfà: bó bá ṣe pé Balógun kú, kí ẹni tí bébà yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀ má tíì mú un wá. Ẹ jẹ́ kí Baálẹ̀ jẹun ná.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo jẹ́ yìí. Ẹni tó gbọ́, kó sọ fún ẹni tí kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ bí ìwé náà ṣe parí, kó pa ẹnu mọ́ o! Kó pa ẹnu mọ́!