Òjò Tí Mo Dà Sí Táǹkì

Òjò kan wà tí kò tíì dá lọ́kàn mi di òní olónìí. Bí òjò bá ti ṣú bo Ìsàlẹ̀ Èkó, tí àwọn èèyàn ń sáré kó aṣọ kúrò lórí okùn, inú tèmi á bàjẹ́.

Bọ̀dá Gàní ló mú mi lọ sójú òkun. Ọmọ agboolé wa ni wọ́n, iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Olówó kan ní kí wọ́n bá òun wa ọkọ̀ onígbòkun òun, irú èyí tí àwọn olówó fi ń ṣe fàájì, láti Èkó dé Bùràsíìlì. Bùràsíìlì yìí ni bàbá tó bí ìyá wọn àgbà ti wá, láti kékeré ni wọ́n sì ti ń fẹ́ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ibẹ̀. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Wọ́n mọ̀ pé bí kì í bá ṣe ìrìn yìí, kò tún sí òmíràn mọ́. Wọ́n wá wo gbogbo agboolé, èmi tí mò ń ta ìrẹsì ní Èbúté Èrò ni wọ́n mú pé kí n máa se oúnjẹ.

"Ẹ̀rù òkun ò bà ẹ́?" wọ́n bi mí.

"Ẹ̀yin náà, Bọ̀dá! Ṣé omi ló máa ba ọmọ Èkó lẹ́rù?"

Àwọn ilé gíga CMS ò tíì pòórá lójú wa tí ọmọ Èkó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì.

Àwa mẹ́ta la wà nínú ọkọ̀: Bọ̀dá Gàní, Jìmọ́ tó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì, àti èmi. Omi lọ́tùn-ún, omi lósì. Bí ẹnì kan bá ń sùn, ẹlòmíì á di ìtọ́kọ̀ mú. Okùn ni mo fi ń de ìkòkò mọ́ sítóòfù, síbẹ̀ ọbẹ̀ a máa fò lù mí láyà. Ìjókòó ni mo fi ń kírun, nítorí ọjọ́ tí mo dán ìdúró wò, orí ni mo fi wọnú àpò ìrẹsì lọ. Àárò ilé sọ mí débi pé mo ń ṣàárò ariwo àwọn kọ́ńdọ́ bọ́ọ̀sì Ọ̀báléńdé.

Nílé wa, ẹni tí kò bá fọ ìrẹsì lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀bùn ni. Mo ń fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Omi mímu tó wà nínú táǹkì ọkọ̀ ni mo fi ń ṣe àlùwàlá, òun náà ni mo fi ń fọ abọ́ àti síńgílẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ tí Bọ̀dá Gàní yẹ táǹkì wò, wọ́n ké pè mí.

"Ta ló sọ fún ẹ pé kànga wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ yìí?"

"Ẹ má bínú, Bọ̀dá."

"Gbogbo òkun yìí, kò tó ẹ ṣe àlùwàlá? Ó dáa. Ife kọ̀ọ̀kan la ó máa mu. Bí òjò bá rọ̀, a ó dé Bùràsíìlì. Bí kò bá rọ̀, à ń padà nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Kò sí ìrun tí mo kí tí n kò tọrọ òjò sí i.

Òjò dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Bọ̀dá ń sùn lọ́wọ́. Omi ń ṣàn wálẹ̀ lára ìgbòkun, mo gbé báàfù sábẹ́ rẹ̀, bó bá ti kún ni mò ń dà á sí táǹkì. Mò ń dà á, mò ń jó. Jìmọ́, tí ìrìn òkun àkọ́kọ́ tiẹ̀ náà nìyẹn, ń pariwo nídìí ìtọ́kọ̀: "Kúùkù, you do well! Rọ ọ́ kún!"

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí kí n bú ara mi díẹ̀. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú mọ̀ pé a kì í gbe òjò tó kọ́kọ́ balẹ̀. A máa ń jẹ́ kó fọ páànù ná, kí a tó gbé garawa síta. Ṣùgbọ́n páànù ilé wa ti dípẹtà, ìgbòkun yìí sì funfun báláú. Iyọ̀ òkun ti ń ta sí i lára láti ọjọ́ tí a ti kúrò nílé, ṣùgbọ́n èmi wò ó, mo ní ó mọ́.

Òjò ò pẹ́ tó fi dá. Bọ̀dá Gàní jí, mo bu omi fún wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Wọ́n gbé e sẹ́nu, wọ́n tu ú dànù.

"Ṣé o tọ́ ọ wò kó o tó dà á?"

"Rárá, Bọ̀dá."

Jìmọ́ tọ́ ọ wò, ó káwọ́ lérí. "Yéè! We don die!"

Iyọ̀ ti ba gbogbo omi táǹkì jẹ́, omi inú ike díẹ̀ tí Bọ̀dá tọ́jú pamọ́ nìkan ló kù. Kò lè gbé wa dé Bùràsíìlì, àmọ́ ó lè gbé wa padà sí èbúté tó wà lẹ́yìn wa. Wọn ò bú mi. Ì bá tiẹ̀ sàn kí wọ́n bú mi. Wọ́n kàn dúró, wọ́n ń wo iwájú, lẹ́yìn náà wọ́n gba ìtọ́kọ̀ lọ́wọ́ Jìmọ́, wọ́n fọwọ́ ara wọn yí ọkọ̀ padà. Àwọn ẹlòmíì ni olówó gbé ọkọ̀ rẹ̀ fún.

Bọ̀dá Gàní ò ríran mọ́ báyìí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí, bí òjò bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù, wọ́n á ké sí mi: "Ọmọ Èkó! Tọ́ ọ wò kó o tó dà á o!" Gbogbo agboolé á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ náà nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: kì í ṣe gbogbo ohun tó funfun ló mọ́, ẹ tọ́ ọ wò ná.

Láìpẹ́ yìí, wọ́n ní kí n bu omi òjò fún àwọn. Mo jẹ́ kó fọ páànù, mo gbe é, mo tọ́ ọ wò, mo gbé e fún wọn. Wọ́n mu ún tán.

"Ó dùn," ni wọ́n wí. "Ká ní irú èyí lo dà sí táǹkì ni, ǹ bá ti dé Bùràsíìlì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín sókè dáadáa kí wọ́n lè gbọ́ ọ, nítorí omijé tó wà lójú mi, wọn ò lè rí i.