Ta Ló Fọ Igba Ọdún Famau Dànù?

Ẹjọ́ tó dé iwájú olórí ìlú Lamu lánàá, ẹ jọ̀ọ́, ìdọ̀tí ni wọ́n ní wọ́n jí. Bẹ́ẹ̀ ni, ìdọ̀tí! Famau, tó ń ta fàdákà àtijọ́ lójú pópó etíkun, ló pe ẹjọ́. Ẹni tó sì pè lẹ́jọ́ ni Mwanate, opó tó fẹ́ gbé níyàwó ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí. Famau ti kun ilé ní ẹfun, ó ti ra ewúrẹ́, ìrẹsì àti àgbọn ti kún ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ó bẹ obìnrin yìí títí ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ohun kan ṣoṣo ni Mwanate bi í: ṣé kò tíì pé àádọ́ta ọdún? Arúgbó ni ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀yìn bàbá náà ló ń fi òróró pa títí tó fi kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì ti pinnu pé òun kò ní fẹ́ arúgbó mọ́ láyé. Famau búra pé òun kò tíì pé é. Òótọ́ ló sì sọ, bóyá fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ó wọ́ ìyàwó àfẹ́sọ́nà wá sílé ẹjọ́. Ẹ ò rí nǹkan!

Olórí Ìlú Shekue jókòó sórí pèpéle òkúta. Ìyá Àgbà Somoe, olùdámọ̀ràn rẹ̀, jókòó tì í, ó ń mu kọfí. Gbogbo àdúgbò rọ́ wá, àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọn.

"Famau, kí ló dé?"

"Bàbá, mo gbé! Ẹ̀gbà ẹsẹ̀ fàdákà méjì ni mo ní kí Mwanate bá mi fi pamọ́. Igba ọdún ló wà lára wọn. Ó fọ̀ ọ́ dànù!"

"Ó fọ kí ni dànù?"

"Igba ọdún, Bàbá! Ó fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ bó gbogbo dúdú ara wọn. Oníbàárà mi ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ohun àtijọ́ ló ń wá. Kí ni n ó fi hàn án? Ẹ wò wọ́n, wọ́n ń dán bí orí apárí!"

Ìyá Àgbà Somoe yọ́jú wo orí olórí ìlú lábẹ́ fìlà, ó sì yára fi ife bo ẹnu.

"Kí lo wá fẹ́?" Ohùn olórí ìlú ti le díẹ̀.

"Kó dá ìdọ̀tí mi padà."

"Famau, a kì í ti ilé ẹjọ́ dé ká ṣọ̀rẹ́. Ìwọ fẹ́ ti ilé ẹjọ́ dé kí o ṣègbéyàwó?"

"Bàbá, ẹjọ́ lọ́tọ̀, ìfẹ́ lọ́tọ̀. Tó bá ti lè gbà pé òun jẹ̀bi, mo ti dárí jì í. Ìyàwó ọjọ́ Jímọ̀ kò yẹ̀."

Mwanate fún ìbòrí rẹ̀ mọ́ra, ó bọ́ síwájú. "Ṣé ó ti kan èmi náà?"

"Sọ̀rọ̀, ọmọ mi."

"Bàbá, abẹ́ ìrọ̀rí mi ni mo fi wọ́n sí. N ò lè sùn! Òórùn yẹn kì í ṣe kékeré. Nígbà tí mo gbé wọn bọ̀ láti ìsọ̀ rẹ̀, ewúrẹ́ mẹ́ta ló tẹ̀ lé mi délé, wọ́n rò pé ẹbí wọn ni. Mo bá fọ̀ wọ́n. Ta ló sọ fún mi pé ọdún ló ń rùn báyẹn?"

"Irọ́! Ọdún kì í rùn!"

"Tìrẹ ń rùn."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Olórí ìlú gbé ọwọ́ sókè. "Famau, ayé ta ni wọ́n ṣe ẹ̀gbà yìí?"

"Ayé Potogí, Bàbá. Ẹ wo òdòdó gbàǹgbà yìí. Potogí nìkan ló ń ṣe irú rẹ̀."

"Ayé Potogí kẹ̀?" ni Mwanate dá sí i. "Ṣebí lójú mi lo sọ fún Lárúbáwá kan pé ayé Súltán ni!"

"Mo yí òdòdó sẹ́yìn lọ́jọ́ yẹn ni!"

Ẹlẹ́rìí Famau kọ́kọ́ dìde. Lali ni, oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó máa ń bá a kẹ́rù.

"Bàbá, mo mọ ẹ̀gbà yìí bí ẹni mọ owó. Ti ìyá ìyá Famau ni. Ojú mi báyìí ni màmá yẹn ṣe ń wọ méjèèjì jó níbi ìyàwó."

Ìyá Àgbà Somoe gbé ife sílẹ̀. "Màmá yẹn ti kú kí wọ́n tó bí ọ. Ẹsẹ̀ kan ló sì ní."

Lali họ orí. "Ẹ̀gbà kan ni mo rí, Ìyá Àgbà. Ìkejì, gbígbọ́ ni mo gbọ́."

"Jókòó!"

Ẹlẹ́rìí kejì ni Bunu, alágbẹ̀dẹ fàdákà. Famau ti bẹ̀ ẹ́ nílé, ó ti kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ, Bunu sì sọ ọ́ bó ṣe kọ́ ọ. "Iṣẹ́ àwọn baba ńlá wa ni, Bàbá. Ẹni tó ṣe é ti di erùpẹ̀."

Ọkàn Famau balẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó ti ń rí ọjọ́ Jímọ̀ lójú rẹ̀: oníbàárà láàárọ̀, ìyàwó nírọ̀lẹ́.

Àfi bí Ìyá Àgbà Somoe ṣe gba ẹ̀gbà náà, ó gbé e sún mọ́ ojú. "Òótọ́ ni o. Àwọn ará àtijọ́ mọ iṣẹ́! Ẹ wo bí wọ́n ṣe ya ewé yìí. Ta ló lè ṣe é lónìí? Àwọn alágbẹ̀dẹ òde òní tí wọn ò lè rọ abẹ́rẹ́ kó lójú!"

Bunu yíjú sí i. "Ìyá Àgbà, ẹ rọra sọ̀rọ̀."

"Kí ni n ó rọra sọ? Ṣé ìwọ lè ya ewé báyìí?"

Famau wú ikọ́. Famau ṣẹ́jú. Famau tẹ Bunu lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Bunu kẹ̀?" Olórí ìlú rẹ́rìn-ín. "Bunu tó tún òrùka mi ṣe, tó di onígun mẹ́ta?"

Ẹ̀rín ta. Bunu fò sókè. "Ó tó! Èmi ni mo ṣe é! Èmi Bunu yìí, lẹ́yìn ààwẹ̀ tó kọjá! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ lójú lórí ewé yẹn! Ẹ wo inú rẹ̀, ẹ ó rí ẹja kékeré kan, àmì mi ni. Dúdú ni Famau fi bò ó!"

Gbogbo èèyàn na ọrùn. Mwanate yẹ inú ẹ̀gbà wò: ẹja rèé lóòótọ́, ó ń wò ó padà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a.

"Bunu! Ọ̀rẹ́ wo nìyí?" ni Famau kígbe.

"Ṣé torí ọ̀rẹ́ ni kí wọ́n fi bú ọwọ́ mi?"

"Báwo ló ṣe wá di igba ọdún?" ni olórí ìlú bi Bunu.

"Kòtò ìgbẹ́ ewúrẹ́ kan wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, Bàbá. Ó ń rì wọ́n síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì, ayé Gẹ̀ẹ́sì. Oṣù kan, ayé Súltán. Oṣù méjì, ayé Potogí."

Ẹlòmíràn ì bá dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Famau ńkọ́? Ó na àyà. "Bàbá, ohun tó bá wọ kòtò mi ti gbó nù un! Ta ló rí ọdún sójú rí? Dúdú tó wà lára nǹkan ni ọjọ́ orí rẹ̀. Oṣù méjì nínú kòtò mi, igba ọdún ni. Mo búra!"

"O búra?"

"Mo tún búra!"

"Ó dáa. Ta ní ń ro ìgbẹ́ inú kòtò náà?"

"Èmi ni, láràárọ̀."

"Ọwọ́ rẹ ń wọ inú rẹ̀?"

"Títí dé èjìká, Bàbá. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Ogún ọdún!" Ó fi ìgbéraga sọ ọ́.

Ìyá Àgbà Somoe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò: igba ọdún fún oṣù méjì méjì. Ìka ọwọ́ rẹ̀ tán, ó bọ́ bàtà. Ti ẹsẹ̀ tán, ó yá ìka Lali. Nígbà tó yá, ó jù ú sílẹ̀. "Olórí Ìlú, ọkùnrin yìí ti wà kí òkun tó dé."

Olórí ìlú dìde, ó ṣí fìlà fún Famau. "Ìdájọ́ mi rèé. Famau ni àgbà jù lọ ní ìlú yìí láti òní lọ. Ọmọdé ni gbogbo wa níwájú rẹ̀. Ẹ máa kí i kí ẹ tó jẹun àárọ̀. Àgbà tó gbó tó báyìí kì í nájà, nítorí náà ẹ ti ìsọ̀ rẹ̀ pa. Kò gbọdọ̀ jẹ ohun líle, ẹ̀kọ mímu ni. Ẹ̀gbà di ti Mwanate, owó ìfọṣọ rẹ̀ ni. Tí oníbàárà yẹn bá sì dé lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bèèrè ohun àtijọ́, ẹ mú un wá wo Famau."

"Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ni mí!"

"Ìyẹn kí o tó ki ọwọ́ bọ kòtò."

"Ìyàwó mi ńkọ́? Bàbá, mo bẹ yín, ìyàwó mi ńkọ́?" Ẹkún ti wà lóhùn rẹ̀ báyìí.

"Bi í léèrè."

Mwanate wo Famau títí. Ó wá kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

"Ẹ kú àgbà o, Bàbá Ńlá. Ẹ ti bí baba ńlá mi lọ́mọ. Arúgbó kan ti kú mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kí tiyín ṣe ìkejì."

Ó dìde, ó kó ẹ̀gbà sẹ́sẹ̀, ó ń dún wìnrìnwìnrìn lọ sílé. Famau fẹ́ sáré tẹ̀ lé e. Lali àti Bunu di apá rẹ̀ mú tọ̀tún-tòsì.

"Ẹ rọra o, Bàbá," ni Lali wí. "Eegun yín ò gba eré mọ́."