Bí Mo Ṣe Dá Kóòṣì Lórí Ìwé

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi, kódà bí mo bá di arúgbó tí kò rántí orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tí Kóòṣì fẹ̀yìn tì ni.

Kóòṣì ló kọ́kọ́ gbé ìjàkadì wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Akoka níbí. Nígbà tí wọ́n dé, kò sí ẹní tí èèyàn lè ṣubú lé. Àpò ìrẹsì ni wọ́n rán pọ̀, wọ́n ki lẹ́búlẹ́bú pákó sínú rẹ̀. Àwọn èèyàn ń bú wọn: "Ṣé gídígbò la ní kí ọmọ wá kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì?" Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń bá lọ. Àwọn náà ló kọ́kọ́ gba obìnrin láyè, tó bá sì di Sátidé, wọ́n á ṣílẹ̀kùn fún àwa ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì láti Bariga. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní: bàtà kò gbọdọ̀ kan ẹní. Ẹni tó bá fi bàtà gùn ún, òun àti Kóòṣì ni yóò jà lójú ẹsẹ̀.

Ọdún méjì ni mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Bí mo ṣe parí ìwé mẹ́wàá, mo lóyún. Mi ò dágbére fún wọn. Ojú ń tì mí ni. Tí mo bá rí wọn lọ́nà Pedro, ṣọ́ọ̀bù tó bá wà nítòsí ni mo máa yà sí. Lọ́jọ́ kan, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni mo kó sí, mo sì jókòó sórí àga rẹ̀. Ó bi mí pé, "Àǹtí, ṣé ká fá gbogbo ẹ̀ ni?"

Ìgbà tí Mọ́rẹ́nikẹ́ ọmọ mi lé díẹ̀ lọ́dún kan, mo ti ríṣẹ́ sílé ìtẹ̀wé kan ní Shomolu. Èmi ni mò ń to ojú ìwé lórí kọ̀ǹpútà. Ta ni mo rí? Ìyàwó Kóòṣì, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, pẹ̀lú àpòòwé fọ́tò àtijọ́ lọ́wọ́. Kóòṣì fẹ́ fẹ̀yìn tì. Wọ́n fẹ́ ká ṣe ìwé kékeré kan àti bánà ńlá, Kóòṣì ò sì gbọdọ̀ gbọ́. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ fò. Èmi tí mi ò lè la ẹnu bẹ̀ wọ́n, iṣẹ́ yìí ni màá fi bẹ̀ wọ́n.

Lọ́dọ̀ wa, a kì í tẹ ohunkóhun láìjẹ́ pé ẹni tó gbé iṣẹ́ wá fọwọ́ sí àpẹẹrẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá ti lọ sí Abẹ́òkúta. Ọ̀gá mi bi mí pé, "Ìyá Mọ́rẹ́, ta ló máa fọwọ́ sí i báyìí?"

Mo ní, "Ọ̀gá, ta ló mọ Kóòṣì jù mí lọ?" Mo gbé bírò, mo fọwọ́ sí i.

Fọ́tò tí mo mú sójú ìwé àti bánà, dúdú-àti-funfun ni. Ẹnì kan gbé ẹnì kejì, ó ń dà á délẹ̀, ẹsẹ̀ ẹni tí wọ́n gbé wà lókè bíi ti tábìlì tó dojú dé. A ò rí ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ṣùgbọ́n aṣọ wà lórúnkún ọ̀tún ẹni tó gbéni, gbogbo Bariga ló sì mọ aṣọ pupa tí Kóòṣì máa ń so mọ́rúnkún. Ó parí! Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà-gadagba: ẸNI TÍ Ẹ̀YÌN RẸ̀ KÒ KANLẸ̀ RÍ.

Nígbà tí ọjọ́ pé, mo pọn Mọ́rẹ́, mo bá wọn gbé bánà kọ́ sára ògiri gbọ̀ngán ìjàkadì, lẹ́yìn ẹní. Àwọn èèyàn gba ìwé, wọ́n wò ó, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn gbọ̀ngán. Mo rò pé inú wọn ló dùn. Ni obìnrin gíga kan tó ti ń hewú bá di ikùn mú nítorí ẹ̀rín. Àǹtí Risi ni, ọmọbìnrin tí Kóòṣì kọ́kọ́ kọ́.

"Ta ló ṣe iṣẹ́ yìí?"

"Èmi ni, mà."

"Ta lo rò pé ó gbéni yẹn?"

"Kóòṣì ni, mà."

"Èmi ni! Ẹsẹ̀ Kóòṣì lo gbé sókè fáráyé wò yẹn."

"Aṣọ orúnkún ńkọ́, mà?"

"Ọjọ́ tí ọmọ bá parí ẹ̀kọ́, Kóòṣì á tú u, wọ́n á so ó mọ́ ọmọ náà lórúnkún, àwọn méjèèjì á wá jà lójú àwọn tó ti parí nìkan. Ṣé o ò mọ̀ ni?"

Mi ò mọ̀. Ẹni tó sá lọ láìparí, níbo ni yóò ti mọ̀?

Àfi bí Màmá ṣe kígbe lẹ́nu ọ̀nà: "Wọ́n ti dé o!"

Mo sáré lọ fa bánà. Okùn kan já, èkejì ò já. Mo fi gbogbo agbára fà á, ló bá wó lu èmi àti ọmọ, a wà lábẹ́ rẹ̀ bí adìyẹ abẹ́ agbọ̀n. Mọ́rẹ́ rò pé eré ni, ó ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Mo ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, mo kọlu tábìlì, àwọn ìwé fọ́n ká. Ìgbà tí mo yọrí jáde, àárín ẹní gan-an ni mo wà. Ohùn kan sì dún:

"BÀTÀ!"

Ara mi dáhùn kí ọkàn mi tó dáhùn. Mo ya ẹsẹ̀, mo tẹ orúnkún, mo na ọwọ́ méjèèjì síwájú, tọmọ-tọmọ lẹ́yìn. Gbọ̀ngán dàrú.

Kóòṣì bọ́ bàtà tiwọn, wọ́n rọra wá. Wọ́n wo bánà, wọ́n ka ohun tí mo kọ síbẹ̀ sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá wò mí.

"Ìwọ."

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo fẹ́ fi bẹ̀ yín ni."

"Ta nìyẹn lẹ́yìn rẹ?"

"Ọmọ mi ni, sà. Òun ni mi ò fi lè wá mọ́."

"Tórí ọmọ lo fi ń sá fún mi? Mo rí ẹ lórí àga onígbàjámọ̀ o! Mo ní ṣé ó fẹ́ fárí ni."

Ẹ̀rín pa gbogbo èèyàn. Kóòṣì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Gbogbo yín lẹ ń sọ pé ẹ̀yìn mi ò kanlẹ̀ rí. Irọ́ ni. Gbogbo ẹni tó bá parí ló ń dá mi. Tí wọn ò bá lè dá mi, kí ni mo wá kọ́ wọn?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n tú aṣọ orúnkún wọn tó ti ṣá, wọ́n so ó mọ́ mi lórúnkún lórí ìró. "Bọ́ bàtà. Gbé ọmọ fún Màmá."

A dìmú. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má ṣẹ́ wọn léegun. Wọ́n sọ ọ́ sí mi létí pé, "Má dì mí mú bí ẹyin. Ẹsẹ̀ òsì." Mo fi ẹsẹ̀ mi kọ́ ẹsẹ̀ òsì wọn. Gbì! Ẹ̀yìn Kóòṣì kanlẹ̀. Mọ́rẹ́ ń pàtẹ́wọ́. Mi ò mọ̀gbà tí omi bọ́ lójú mi.

Àǹtí Risi ló gbé bírò, wọ́n fagi lé KÒ lára bánà, wọ́n sì gbé e kọ́ padà. Pálọ̀ Kóòṣì ló wà títí di òní.

Látìgbà náà, ìwé kankan kì í kúrò níwájú mi láìjẹ́ pé olówó rẹ̀ fojú rí i. Káàdì ìsọmọlórúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pàápàá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ sí i. Mo sì ti mọ̀ pé ẹni tó bá ń sá fún ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀, orí àga onígbàjámọ̀ ni yóò bá ara rẹ̀.

Lánàá, Mọ́rẹ́ fi bàtà gun bẹ́ẹ̀dì mi. Mo ké, "Bàtà!" Dípò kó sọ̀kalẹ̀, ó ya ẹsẹ̀, ó tẹ orúnkún, ó na ọwọ́ sí mi. Mo wò ó, mo wo ẹ̀yìn ara mi, mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó máa dá mi rèé.