Etí-Ju-Mítà àti Fáànù Tó Ń Yí Sẹ́yìn

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kì í purọ́ o, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló kàn máa ń tóbi ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ ló ń tún ṣe, ṣùgbọ́n kò ní mítà kankan tí wọ́n fi ń yẹ iná wò. Ó ní etí òun ti tó. Bí wọ́n ṣe ń pè é ní Etí-Ju-Mítà nìyẹn. Àwọn àgbà ní bí a bá fara balẹ̀ pa eèrà, a ó rí ìfun rẹ̀. Etí-Ju-Mítà ní kí wọ́n má wulẹ̀ pa á, òun á gbọ́ ohùn ìfun náà látòkèèrè.

Ibi iṣẹ́ wa ra ẹ̀rọ amúlétutù tuntun, gìdìgbà bíi yàrá, wọ́n gbé e sórí òrùlé. Máníjà ń wá ẹni tí yóò máa bójú tó gbogbo ẹ̀rọ ilé náà. Èmi akọ̀wé rẹ̀ ni mo fọwọ́ sọ̀yà fún ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, torí oṣù kẹjọ rèé tó ti wà nílé, ó sì ti sú ẹ̀gbọ́n mi.

Máníjà ní, "Ó dáa. Bó bá tan eléyìí láìsí wàhálà, iṣẹ́ di tiẹ̀."

Kí ni bàbá yìí ṣe? Ó mú ìyá wa dání! Ó ní kí ìyá ìyàwó òun wá wo bí òun ṣe ń di ọ̀gá. Ó fi Màmá jókòó sínú gbọ̀ngàn, lábẹ́ ihò atẹ́gùn gan-an.

"Màmá, ẹ wọ súwẹ́tà o. Òtútù tó ń bọ̀ yìí, eyín yín á máa lu ara wọn."

Màmá wọ súwẹ́tà. Máníjà jókòó tì wọ́n, èmi àti ọkọ ẹ̀gbọ́n mi gòkè sórí òrùlé. Obìnrin oníṣẹ́ iná tó fa wáyà sí ẹ̀rọ náà ti ń dúró dè wá.

"Bọ̀ọ̀dá," ó ní, "wáyà mẹ́ta ni iná ń bá wọlé. Bí méjì bá gba ipò ara wọn, ẹ̀rọ á máa yí sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká tàn án fìrí, ká pa á, ká wo ibi tó ń yí sí. Mítà mi náà rèé."

"Mítà fún ta ni?" Ó tẹ súìṣì.

Fáànù gbéra. Atẹ́gùn tó ń jáde kò lè pa àbẹ́là.

"Bọ̀ọ̀dá, ọfà tí wọ́n kùn sára rẹ̀ kọjú sí ọ̀tún, òsì ni fáànù ń yí sí."

"Ọfà? Ṣé ọdẹ ni mí ni?"

Ṣùgbọ́n òun náà ti rí i. Ó pa iná, ó sáré lọ síbi súìṣì àgbà, ó pààrọ̀ wáyà méjì, ó tún tàn án. Fáànù yí sí ọ̀tún, atẹ́gùn sì tú yàà. Ó nawọ́ sókè bí ẹni gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n.

Ó gbàgbé pé iná kan náà ni fáànù àti kọ̀mpúrẹ́sọ̀ jọ ń lò. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tó ń mú atẹ́gùn tutù ti ń yí dáadáa tẹ́lẹ̀. Bó ṣe tún ti fáànù ṣe, bẹ́ẹ̀ ló mú kí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ máa yí sẹ́yìn. Ariwo ta, gbàrà-gbàrà-gbàrà!

"Bọ̀ọ̀dá," mo ní, "kí nìyẹn?"

"Ó ń wúkọ́ ni. Tuntun ni, ara rẹ̀ á mọlé."

Mo sáré sọ̀kalẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́ lóòótọ́, gbígbóná ni. Máníjà ti tú bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ mẹ́ta. Màmá ń làágùn nínú súwẹ́tà bí ẹni jókòó ti ààrò.

"Ọmọ mi," wọ́n ní, "ṣé òtútù náà ti ń bọ̀ lọ́nà ni, àbí kí n tún wọ èkejì?"

Ojú tì mí, èmi tí mo fọwọ́ sọ̀yà!

Obìnrin oníṣẹ́ iná kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó pa iná kí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tó kú, ó dá wáyà àgbà padà sí bó ṣe wà, ó wá pààrọ̀ méjì lára wáyà fáànù nìkan. Ó tàn án fìrí, ó pa á, ó wò ó, ó tún tàn án. Kò pẹ́ tí gbọ̀ngàn fi tutù nini. Màmá sùn lọ lórí àga lẹ́yìn wa.

Etí-Ju-Mítà wọlé, àyà síwájú. "Máníjà, ṣé ẹ rí i báyìí?"

Máníjà ń de bọ́tìnnì rẹ̀ padà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. "Mo ṣì lè fún yín níṣẹ́ yìí. Ẹ fi etí yín sọ fún mi, ibo ló ń yí sí báyìí?"

Inú mi dùn. Àdánwò wo ló tún rọrùn tó èyí? Bọ̀ọ̀dá dijú, ó gbé etí sókè. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́, àfi ìró kan tó ń lọ jẹ́jẹ́, kùùn, kùùn.

"Ọ̀tún ni," ó ní. "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń mí kanlẹ̀! Ẹ̀rọ tó ń yí sí òsì kò lè dún báyìí láéláé."

Ìgbà náà ni obìnrin oníṣẹ́ iná wọlé. "Ẹ má bínú o, mo ti pa á láti bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo fẹ́ de ìdérí rẹ̀."

Gbogbo wa yíjú sẹ́yìn. Màmá ṣì ń hanrun lọ, kùùn, kùùn.

"Bọ̀ọ̀dá," ni Máníjà wí, "ẹ rọra jí ẹ̀rọ yín, kí ẹ máa sìn wọ́n lọ sílé."