Ẹni Tí Mo Wá Kí ní Málítà

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi: ọjọ́ Sátidé tí wọ́n fẹ́ dá mi padà láti Málítà bí ẹrù tí kò ní olówó.

Ìyàwó mi ti ṣaláìsí nígbà náà. Èmi àti Bùnmi, ọmọ wa kan ṣoṣo, là ń gbé ní Laurel, ìlú kan ní Maryland, l'Amẹ́ríkà. Bùnmi rí ẹni tí yóò fẹ́, ọmọ dáadáa, mo sì fọwọ́ sí i. Ó wá ku ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, tó ń gbé ní erékùṣù Málítà, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Mo tẹ̀ ẹ́ láago kí n lè fi ọ̀rọ̀ náà tó o létí. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Bàbá Bùnmi," ó ní, "ṣé orí fóònù ni ọmọ àbúrò mi yóò gbà lọ ilé ọkọ? Èmi ni ìyá rẹ̀ báyìí. Ẹ wá sọ ọ́ lójú mi. Bí ẹ kò bá wá, mi ò gbọ́ nípa ìgbéyàwó kankan o."

Bùnmi náà ní òun kò ní dá ọjọ́ láìjẹ́ pé Bíìgì Mọ́mì òun gbà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di arìnrìn-àjò.

Nínú gbogbo àwọn tí mo mọ̀, kò sí ẹni tó dé Málítà rí, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí wọ́n má gbà mí nímọ̀ràn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá ìjọ kan fà mí sí kọ̀rọ̀, ó ní ibẹ̀ náà ni Mẹ́lítà inú Bíbélì, níbi tí paramọ́lẹ̀ ti dì mọ́ Pọ́ọ̀lù lọ́wọ́. "Ẹ má bá wọn ṣa igi ìdáná o," ó ní. Mo ṣe àmín. Ọ̀rẹ́ mi, Bàbá Ṣadé, tó fi mọ́tò gbé mi lọ sí New Carrollton, níbi tí mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú, ti lọ yá ìwé kan ní láíbírì. Bó ṣe ń wakọ̀ ló ń ka ohun tó rí níbẹ̀ sí mi létí.

"Ọwọ́ òsì ni wọ́n ti ń wakọ̀, bíi tiwa láyé ọjọ́un. Ẹ wo ọ̀tún kí ẹ tó sọdá."

"Mo gbọ́."

"Líra ni owó wọn. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti ṣẹ́ ẹ. Tó bá di ọ̀sán, wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á lọ sùn."

"Sùn kẹ̀?"

"Wọ́n á sùn. Ẹ má sì wọ ṣòkòtò péńpé wọnú ṣọ́ọ̀ṣì wọn."

"Bàbá Ṣadé, ìgbà wo lẹ rí mi nínú ṣòkòtò péńpé?"

"Ìwé ló sọ ọ́, èmi kọ́."

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀ nígbà náà, kí wọ́n tó fi yúrò rọ́pò líra. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń lọ, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un: púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta bíi ti ilé ni wọ́n ń lò níbẹ̀, omi ẹ̀rọ wọn ní iyọ̀ díẹ̀ lẹ́nu, oòrùn wọn kò sì mọ àgbà. Ṣùgbọ́n ohun tó dè mí mọ́lẹ̀ kò sí nínú ìwé Bàbá Ṣadé.

Ọ̀sán ni bàálù wa balẹ̀. Mo tò lẹ́yìn àwọn èrò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń yẹ pásípọ́ọ̀tù wò, ó rẹ́rìn-ín sí mi.

"Ọ̀dọ̀ ta lo ń lọ?"

"Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi."

"Kí ni orúkọ rẹ̀?"

Mo la ẹnu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹ bá mi rò ó. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ obìnrin yìí, Ìyá Ìbejì ni mo ń pè é. Ẹ̀gbọ́n Mi ni ìyàwó mi ń pè é. Ẹnjiníà ni gbogbo wa ń pe ọkọ rẹ̀. Ta ni yóò kọjú sí àna rẹ̀ tí yóò bi í pé kí ni wọ́n sọ yín lórúkọ? Ẹnì kan ṣoṣo tí mo lè bi láìtijú, Maryland ni mo sin ín sí.

"Ìyá Ìbejì," mo ní.

"Kí nìyẹn?"

"Ìyá àwọn ìbejì ni."

"Orúkọ rẹ̀ ni mo béèrè, n kò béèrè ọmọ tó bí." Ó mú bírò. "Ó dáa, kí ni orúkọ àwọn ìbejì náà?"

Inú mi dùn. Mo mọ ìyẹn. "Táíwò àti Kẹ́hìndé."

"Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

"Ẹni tó kọ́kọ́ dé, àti ẹni tó dé gbẹ̀yìn."

Ó fi bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀.

Wọ́n mú mi wọ yàrá kékeré kan. Ẹ̀ṣọ́ ọlọ́rùn kíki kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá wọn, ọkùnrin onírun funfun, jókòó níwájú mi. Ó ní bàálù tó gbé mi wá yóò padà ní ìrọ̀lẹ́. Bí àwọn kò bá mọ ẹni tí mo wá bá, mo máa bá a lọ. Mo ti ń gbọ́ ohùn Ìyá Ìbejì: "Mo ní kí ó wá, kò wá." Ta ni yóò gbà mí gbọ́ pé mo dé ẹnu ọ̀nà?

Mo fún ọ̀gá náà ní nọ́ńbà fóònù ilé rẹ̀. Ó pè é títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Mo ní kó pe ọmọ mi ní Laurel, pé ilẹ̀ ti mọ́ níbẹ̀. Ó pè é. Mo ń gbọ́ ohùn Bùnmi tó ń ta jáde nínú fóònù.

"Bíìgì Mọ́mì là ń pè wọ́n. Kí ló ṣe dádì mi?"

Ọ̀gá kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tún pe ìyàwó Bàbá Ṣadé, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ìyàwó mi tímọ́tímọ́.

"Sístà Málítà ni wọ́n ń jẹ́ lọ́dọ̀ tiwa," Ìyá Ṣadé dáhùn. "Ta ló tiẹ̀ ń béèrè? Ẹ̀yin olè orí fóònù yìí, Ọlọ́run ń rí yín o!" Ó já fóònù mọ́ ọn létí.

Ọ̀gá ka ohun tó kọ. "Ìyá Ìbejì. Bíìgì Mọ́mì. Sístà Málítà. Obìnrin mélòó nìyí?"

"Ọ̀kan ni, sà."

"Tàbí kò sí rárá."

Láti ojú fèrèsé, mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń kó ẹrù sínú bàálù. Mo tiẹ̀ ń wá báàgì mi láàárín wọn. N kò rí àdúrà kankan gbà ju "Olúwa, orúkọ" lọ.

Obìnrin òṣìṣẹ́ kan yọjú, ó sọ̀rọ̀ kan fún ọ̀gá ní èdè wọn. Ọ̀gá yíjú sí mi.

"Ìyáàfin kan ń pariwo níta. Ó ní òun kò ní kúrò níbẹ̀ títí a óò fi yọ̀ǹda ẹnì kan tó ń jẹ́ Bàbá Bùnmi fún òun. A ti wo orúkọ gbogbo èrò ọkọ̀, a kò rí i."

Mo fò dìde. "Èmi ni!"

"Ṣé ó wà nínú pásípọ́ọ̀tù rẹ?"

"Kò sí níbẹ̀, sà."

Ó di ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. "Ẹ mú un wọlé."

Ìyá Ìbejì wọlé, ó fi báàgì há abíyá. Kí n tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ̀ṣọ́ ọlọ́rùn kíki fò mọ́ mi, ó gbá bẹ́líìtì mi mú láti ẹ̀yìn, ó ń pariwo. Mi ò mọ̀ bóyá ó rò pé mo dákú ni, tàbí pé mo ń wá nǹkan lábẹ́ tábìlì.

"Fi í sílẹ̀!" Ìyá Ìbejì sọ̀rọ̀ kò ó lójú. "Ó ń kí mi ni!" Ó wá rọ ohùn rẹ̀, bí ẹni pé kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá. "Ẹ dìde, Bàbá Bùnmi. Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ṣé Bùnmi wà dáadáa?"

"A dúpẹ́, mà," mo dáhùn láti ilẹ̀.

Ọ̀gá bi í: "Kí ni orúkọ ọkùnrin yìí?"

"Bàbá Bùnmi."

"Èyí tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù ńkọ́?"

Ó wò mí. Mo wò ó. Mo rí i lójú rẹ̀ pé òun náà kò mọ tèmi.

"Ẹ bi òun fúnra rẹ̀," ó ní. "Ṣebí òun ló ń jẹ́ ẹ."

Ọ̀gá wo èmi tí ẹ̀wù mi ti jáde nínú ṣòkòtò. "Bùnmi. Ọmọbìnrin tí mo bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ní abúlé tòun, bí ènìyàn bá fi orúkọ inú ìwé wá ẹnì kan, kò ní rí ilé rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó ní òun ti ń ṣe iṣẹ́ náà tipẹ́, òun kò sì tíì rí ẹni tó ṣubú lulẹ̀ báyẹn fún ẹni tí kò mọ̀. Ó tẹ òǹtẹ̀ lu ìwé mi.

Kí a tó dé ìdí mọ́tò rẹ̀, mo ti jíṣẹ́ tí mo wá jẹ́. Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ ní kí Bùnmi dá ọjọ́," ó ní. "Èmi yóò mú un lọ́wọ́ wọ ilé ọkọ."

Nínú mọ́tò ni mo wá gbé ìtìjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bi í ní orúkọ rẹ̀. Ó sọ ọ́. Ó bi mí ní tèmi, mo sọ ọ́. Ẹ̀rín wá pa wá débi pé ó ní láti dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, àwọn tó wà lẹ́yìn sì ń fun fèrè mọ́ wa.

Nítorí náà, ẹ wo ọ̀tún kí ẹ tó sọdá, ẹ ra omi inú ìgò. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ béèrè orúkọ ẹni tí ẹ fẹ́ lọ kí, bó ti wù kí ojú tì yín tó. Mo mọ ti Ìyá Ìbejì báyìí, mo tiẹ̀ mọ̀ ọ́n kọ. Pípè ni mi ò tíì pè é rí. Ìyẹn, ó kọjá agbára mi.