Alùpùpù Tí Kò Ní Ìjókòó

Tútù ra alùpùpù tí kò ní ìjókòó.

Ẹ kà á bẹ́ẹ̀, mi ò ṣì í kọ. Kò ní ìjókòó! Ibi tó yẹ kí ìdí èèyàn wà, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà níbẹ̀, tí adìẹ gan-an ò lè bà lé kó má yọ̀ ṣubú. Ìdúró ni wọ́n fi ń gùn ún láti ilé dé ibi tí wọ́n ń lọ, bí ọmọ tí tíṣà ní kó dìde dúró nítorí ariwo.

Fìríìjì ni Tútù ń tún ṣe, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ilé kan náà la jọ wà: òun àti ìyàwó rẹ̀ wà lókè, ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣe irun wà nísàlẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ lórí àtẹ̀gùn tí kò ní dé etí mi. Èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n máa pariwo.

Lọ́jọ́ tó gbé e dé, àwọn ọkùnrin àdúgbò yí i ká bí ẹni tó ń wo ọmọ tuntun.

"Kí ló dé tó jẹ́ irú èyí lo yàn?" Oníbúrẹ́dì tó wà ní ìkóríta ló bi í. Irú ẹ̀ wà nílé tiẹ̀ náà, ó kàn fẹ́ kí wọ́n yin nǹkan tí òun náà rà lójú òun ni.

Tútù gbé àyà síwájú.

"Ó fúyẹ́! Mo lè fọwọ́ kan gbé e. Tó o bá fi sí gíá kìn-ín-ní, á máa rìn jẹ́jẹ́ bí ìgbín, kò sì ní kú mọ́ ẹ lọ́wọ́. Táyà ẹ̀ rọ̀, ó ń di òkúta mú bí ẹsẹ̀ ewúrẹ́. Kòtò o, àtẹ̀gùn o, àpáta o, èwo ni kò lè gùn?"

"Ọ̀jọ̀gbọ́n!" ni wọ́n ń pariwo.

Ọ̀jọ̀gbọ́n! Ẹ̀rín ń pa mí! Ọkùnrin tó jẹ́ pé òkúta kan ṣoṣo tó mọ̀ láyé ẹ̀ ni èyí tó fi ẹsẹ̀ kọ lẹ́nu ọ̀nà.

Ìdí tó fi ra alùpùpù yẹn gan-an wà lójú fèrèsé lókè, ó ń wé gèlè.

Màmá.

Màmá ni ìyá ìyàwó rẹ̀. Ó wá kí wọn fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ náà ti wọ ọdún kejì, kò tíì parí. Èèyàn dáadáa ni o! Kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Ara ló ní. Tó bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, gbì, gbì, gbì, dígí ṣọ́ọ̀bù mi á máa gbọ̀n, àwọn oníbàárà mi á di àga mú.

Màmá sì fẹ́ràn òde.

"Ọkọ ọmọ mi, ṣé apá ibẹ̀ yẹn lò ń lọ?"

Kò sí apá tí Tútù ń lọ tí kì í ṣe apá ibẹ̀ yẹn. Nígbà tó ṣì ní alùpùpù àtijọ́, tí Màmá bá ti jókòó, ìjókòó ti tán nìyẹn. Tútù á sún sórí táńkì epo, á fi àpò Màmá kan kọ́ ọrùn, á gbé ìkejì lé itan, á wá máa wa alùpùpù lọ bí ẹni tí wọ́n jí gbé.

Ẹ ti wá rí ìdí tí ọ̀jọ̀gbọ́n wa fi fẹ́ràn gíá kìn-ín-ní.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú àpò àti agboòrùn. Ó yí alùpùpù náà po. Ó tún un yí po.

"Ìjókòó ẹ̀ dà?"

"Kò ní, Màmá. Bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé-iṣẹ́ nìyẹn."

"Láìní ìjókòó?"

"Ó dùn mí o, Màmá. Ó dùn mí dé egungun."

Ojú ẹ̀ fà ro bí ojú ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ṣùgbọ́n mo rí igun ẹnu ẹ̀ tó ń gbọ̀n. Tó-tó-tó-tó! Ó ti lọ. Kó tó yà ní kọ̀rọ̀, mo gbọ́ tó ń kọrin.

Màmá dúró, ó ń wo èéfín.

"Wọ́n ti rẹ́ ọmọ yìí jẹ," ó sọ fún mi. "Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀! Wọ́n ta alùpùpù fún un, wọ́n yọ ìjókòó ẹ̀ pamọ́."

"Ó burú o, Màmá," ni mo dáhùn. Kí ni kí n sọ? Èmi àti òótọ́ kì í sọ̀rọ̀ síra wa nígbà tí ẹ̀rín bá ń bọ̀ lọ́nà.

Ìyàwó Tútù ní tiẹ̀, ẹ ò lè fi ojú òṣùpá hàn án kó ní iná ni. Nírọ̀lẹ́, ó dá ọkọ ẹ̀ dúró lórí àtẹ̀gùn.

"Dádì, ẹ sọ òótọ́. Torí ìyá mi lẹ ṣe ra nǹkan yìí."

"Ìyá bí i ti báwo? Torí ìdíje ni! Sátidé yìí la máa gun àpáta níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta tẹ́lẹ̀."

"Ìdíje. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn?"

"Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò bá kan ilẹ̀ títí dókè."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tí ẹsẹ̀ yín ò bá kan ilẹ̀, ẹ máa gun alùpùpù yín lọ, mi ò ní yanu. Ṣùgbọ́n tó bá kàn án, ì báà ṣe ọmọńdinrín ẹsẹ̀, ẹ máa tà á, ẹ máa lọ ra èyí tó ní ìjókòó gígùn, kí ìyá mi rí ibi fìdí lé."

"Mo gbà!"

Ẹnu ẹ̀ ló gbà, ara ẹ̀ ò mọ̀ sí i. Ó to búlọ́ọ̀kù méjì léra lẹ́yìnkùlé, ó ní òun ń kọ́ṣẹ́. Tó-tó-tó... fààà... gbàgà! Orí okùn tí mo sá táwẹ́ẹ̀lì ṣọ́ọ̀bù mi sí ló bá ara ẹ̀. Ó dìde pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì lórí bí ìyàwó tuntun, ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ ni kò tẹ́jú.

Ní Fúráìdè, wọ́n fi ọkọ̀ wá gbé e lọ síbi iṣẹ́, ó fi alùpùpù sílé.

Màmá ránṣẹ́ pe wẹ́dà.

Láàárọ̀ Sátidé, igbe kan ló jí mi. Mo sáré jáde. Ẹ̀yin èèyàn mi! Wẹ́dà ti gé àga onítìmùtìmù kan tó ń jẹrà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ sí méjì, ó sì ti jó ìdajì ẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù. Aṣọ pupa olódòdó ni wọ́n fi bò ó. Ó ní ibi ìfẹ̀yìntì. Ó ní ibi ìgbápálé, ẹyọ kan, lápá ọ̀tún.

"Ọ̀gá, kò lè já láyé," wẹ́dà ń fọ́nnu. "Ẹ lè fi erin fà á."

Màmá wà nínú aṣọ òde, ó gbé bàtà funfun wọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Má dúpẹ́, ọkọ ọmọ mi. Tí wọ́n bá rẹ́ ọ jẹ, ta ni kó tún un ṣe bí kò ṣe èmi?"

Tútù fọwọ́ kan tìmùtìmù náà. Ó wòkè. Ìyàwó ẹ̀ wà lójú fèrèsé, ó ń wò ó bí ẹni ń wo sinimá.

"Ẹ ṣé, Màmá." Ohùn ẹ̀ jáde fíìì, bí afẹ́fẹ́ lára táyà tó lu.

"Ó yá, jẹ́ ká máa lọ. Mo fẹ́ wo eré náà."

Gbìì! Màmá jókòó. Táyà iwájú gbéra nílẹ̀ díẹ̀, ó tún padà bọ̀.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi, mo tẹ̀ lé wọn. Àwọn oníbàárà kan ń bínú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bínú, irun á tún hù.

Nígbà tí wọ́n dé ibi àpáta, àwọn tó kù rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀.

"Tútù, ṣé pálọ̀ lo gbé wá ni?"

"Ẹ bi í bóyá tẹlifíṣọ̀n ń bọ̀ lẹ́yìn!"

Òjò ti rọ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù, àpáta náà sì ń yọ̀ bí ọṣẹ. Oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ gùn ún. Fííín! Fííín! Táyà ẹ̀yìn ń yí lójú kan. Yọ̀ọ̀ọ̀, gbì! Ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, orúnkún kan ilẹ̀, àgbọ̀n kan ilẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e ò tilẹ̀ dé àárín. Ẹni kẹta sọ̀kalẹ̀ ṣáájú alùpùpù ẹ̀. Gbogbo wọn pátá lọwọ́ ẹrẹ̀ tẹ̀.

Ó kan Tútù.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀."

"Síbo? Sínú ẹrẹ̀ yìí? Pẹ̀lú bàtà funfun mi?"

"Màmá, ìdíje ni!"

"Ṣé mo ní kó má jẹ́ ìdíje ni?"

Wọ́n pe Tíṣà-àgbà, adájọ́ wọn, ọkùnrin tó ti fẹ̀yìn tì ṣùgbọ́n tí fèrè ẹnu ẹ̀ ò tíì fẹ̀yìn tì. Ó rò ó títí, ó họ orí.

"Òfin sọ pé ẹsẹ̀ ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Òfin ò sọ nǹkan kan nípa ìyá ìyàwó."

Pííí!

Tútù dijú, ó fún alùpùpù níná. Tó-tó-tó-tó! Táyà iwájú fò sókè bí ẹṣin tí agbọ́n ta. Tútù sùn mọ́ ọwọ́ alùpùpù. Ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn ńkọ́? Ta ni yóò yọ̀ pẹ̀lú Màmá lórí? Ó lẹ̀ mọ́ àpáta gbágbá! Ó ń gòkè, gbù, gbù, gbù, òkúta wẹ́wẹ́ ń fò sẹ́yìn, a ń sá kiri.

Ní àárín, Tútù fì. Ẹsẹ̀ òsì ẹ̀ yọ, ó ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ, ó kù bí ìbú ìka kan...

"Gbẹ́sẹ̀ sókè!"

Màmá ti fi ìkọ́ ọwọ́ agboòrùn gbá kókósẹ̀ ẹ̀ mú, ó fà á padà sí àyè ẹ̀, kò dìde lórí tìmùtìmù.

Wọ́n dókè! Ẹsẹ̀ kankan ò kan ilẹ̀. Bàtà funfun ń dán bí eyín.

Báyìí ni Tútù ṣe gba àmì-ẹ̀yẹ, tó sì pa alùpùpù ẹ̀ mọ́. Ẹ wá gbọ́ àlàyé lẹ́nu ẹ̀: "Gíá kìn-ín-ní ni. Àti bí mo ṣe tẹ ara síwájú." Kò dárúkọ Màmá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó wa alùpùpù lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, ó ní kó gé ìjókòó yẹn kúrò. Ó ní ó ń ba òun lórúkọ jẹ́.

Màmá ń wò ó láti ojú fèrèsé nígbà tó gbé e padà dé. "Ó dáa," nìkan ló sọ.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, ìdíje tún dé. Òjò rọ̀. Ní òwúrọ̀, alùpùpù kún iwájú ilé wa fọ́fọ́, tó-tó-tó-tó, àwọn èrò ìdíje pé. Tútù kó ara jáde, ó rò pé akọni ni wọ́n wá sìn.

Ó wo ẹ̀yìn alùpùpù wọn.

Tìmùtìmù! Gbogbo wọn! Pupa, àwọ̀ ewé, èyí tó ní ìrọ̀rí. Ti Oníbúrẹ́dì tilẹ̀ ní ibi ìgbápálé lápá méjèèjì àti ibi tí wọ́n ń gbé ife sí.

Gbì, gbì, gbì. Dígí mi gbọ̀n. Màmá ń sọ̀kalẹ̀, ó ti dé akoto, agboòrùn wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Tútù sáré lọ pàdé ẹ̀, ẹ̀rín dé etí.

"Màmá mi dáadáa! Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Màmá wo irin tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀yìn alùpùpù ẹ̀. Ó mirí.

"Kò ní ìjókòó, ọkọ ọmọ mi. Ó dùn mí o. Ó dùn mí dé egungun."

Gbìì! Ó ti jókòó sẹ́yìn Oníbúrẹ́dì.

Ó wá rántí nǹkan kan, ó bọ́ àpò rẹ̀ méjèèjì, ó fi ọ̀kan kọ́ Tútù lọ́rùn, ó fi ìkejì kọ́ ọwọ́ alùpùpù ẹ̀.

"Ṣé apá ibẹ̀ yẹn náà lò ń lọ? Bá mi gbé wọn tẹ̀ lé wa."