Ti Àárín Bára Mu

"Wo-Àárín, àwọn nọ́ńbà yìí gbọ́dọ̀ bára mu o!"

Màdáámù tó ń darí ilé-iṣẹ́ ọṣẹ àti ìpara ló ń sọ̀rọ̀. Ó dúró nínú ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, ó na ìka sí onítẹ̀wé nímú bí ẹni tó fẹ́ fi yọ kinní kan níbẹ̀.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màdáámù."

"Ọkàn mi ò ní balẹ̀. Gbọ́ dáadáa. Nọ́ńbà tó bá wà lára àpò lẹ́tà, lábẹ́ àdírẹ́sì oníkálukú, òun náà ló gbọ́dọ̀ wà lórí fọ́ọ̀mù inú rẹ̀. A ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sórí fọ́ọ̀mù, kójú má bàa tì wọ́n. Wọ́n á kọ ohun tó ń dà wọ́n láàmú lára, wọ́n á dá fọ́ọ̀mù padà, àwa á fi nọ́ńbà mọ ilé wọn, a ó wá fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ síbẹ̀. Ṣó yé ọ?"

"Ó yé mi yékéyéké."

"Tó bá bára mu, gbogbo ìwé tí ilé-iṣẹ́ wa bá fẹ́ tẹ̀, tìẹ ni. Tí kò bá bára mu, mi ò gbọdọ̀ rí ẹsẹ̀ rẹ lẹ́nu ọ̀nà wa mọ́ láyé!"

Ló bá jáde. Kò, kò, kò, kò! Bàtà gogoro ń kígbe lọ.

Ẹ wá gbọ́ irú ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n gbé iṣẹ́ ẹlẹgẹ́ yìí lé lọ́wọ́.

Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, kò sẹ́ni tó rántí mọ́. Wo-Àárín ni gbogbo ọjà ń pè é. Ó ní alárékérekè ni àwọn ọlọ́jà: èyí tó dáa, òkè ni wọ́n ń tò ó sí, èyí tó dáa díẹ̀, wọ́n á fi ṣe ìdí apẹ̀rẹ̀, gbogbo ìjẹrà, àárín ló ń lúgọ sí. Tó bá fẹ́ ra tòmátì, á ki ọwọ́ bọ àárín apẹ̀rẹ̀, fìì! Tó bá fẹ́ ra bẹ́ẹ̀dì, àárín ló máa fìdí lé. Tó bá ra ìwé ìròyìn, ojú ewé àárín ló máa kà, á ká a, á lọ sùn, á ní òun ti gbọ́ ìròyìn ayé.

Ọmọbìnrin mẹ́ta ni ìyá ìyàwó rẹ̀ bí.

Èwo ló fẹ́?

Ti àárín.

Ẹ̀rín ń pa mí!

Ó ní maṣíìnì méjì. Èyí tó ń tẹ àpò lẹ́tà, ṣe ló máa ń to iṣẹ́ lé ara wọn lórí: èyí tó kọ́kọ́ jáde wà nísàlẹ̀ pátápátá, èyí tó kẹ́yìn wà lókè téńté. Èyí tó ń tẹ fọ́ọ̀mù, ìdojúbolẹ̀ ló ń tu tiẹ̀ síta. Tí wọ́n bá yí i dojú sókè, ti àkọ́kọ́ ló máa wà lókè. Ẹ̀yin náà ti rí i. Òkìtì kan dorí kodò, èkejì nàró. Ẹran tó wà ní pápá á mọ̀ pé èèyàn gbọ́dọ̀ tún ọ̀kan tò kó tó máa ki fọ́ọ̀mù bọ inú àpò.

Wo-Àárín kì í ṣe ẹran. Ó yí fọ́ọ̀mù dojú sókè, kò tún nǹkankan tò.

Ó jókòó, ó ń mú àpò lókè òkìtì kan, ó ń mú fọ́ọ̀mù lókè òkìtì kejì, ó ń kì í bọ̀ ọ́, wàràwàrà. Ìyàwó rẹ̀ ń fi kànrìnkàn tútù pa ẹnu àpò, ó ń lẹ̀ ẹ́, pà, pà, pà. Ìgbà tó yá, ọwọ́ obìnrin náà dúró.

"Bàbá Ìbejì, ẹ dákun. Ṣé kò yẹ kí nọ́ńbà ìta àti ti inú jọra ni?"

"Ó yẹ kó jọra."

"Èyí ò jọra o."

"Èwo lo wò?"

"Ti òkè."

Wo-Àárín wò ó tàánútàánú. "Ti òkè! Lára gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá, ti òkè lo lọ wò."

"Mo wo ti ìsàlẹ̀ náà. Kò jọra."

"Ṣé o wo ti àárín?"

"Rárá."

"Ẹ̀n-ẹ́n!"

Ó ki ọwọ́ bọ àárín òkìtì àpò, fìì, ó fa ọ̀kan yọ. Ó ki ọwọ́ bọ àárín òkìtì fọ́ọ̀mù, fìì, ó fa ọ̀kan yọ. Ó gbé méjèèjì síwájú ìyàwó rẹ̀. Nọ́ńbà jọra bí ẹyin adìyẹ méjì!

"Ó yá, sọ̀rọ̀."

"Ṣùgbọ́n Bàbá Ìbejì, ti òkè..."

"Òkè àti ìsàlẹ̀, ojú ayé ni wọ́n. Àárín ni òótọ́ wà. Ṣebí ẹ̀yin tí ẹ̀ ń wo òkè lẹ ń ra tòmátì tó ti kẹ̀ wálé! Máa lẹ ẹnu àpò lọ, jàre."

Ẹ̀yin ará, tí èèyàn bá to ìlà méjì kojú ara wọn, tí ọ̀kan wá dorí kodò, ta nìkan ló máa bá ara rẹ̀ pàdé? Ẹni àárín ni. Nínú gbogbo òkè lẹ́tà yẹn, ẹyọ kan ṣoṣo ló bára mu. Òun náà ni ọlọ́gbọ́n wa fà yọ!

Wọ́n kó lẹ́tà lọ sí pósítọ́fíìsì. Àwọn ará ìlú gba fọ́ọ̀mù, wọ́n jókòó, wọ́n tú àṣírí ara wọn bí ẹni ń tú àpò ìrẹsì. Àbí, kò kúkú sí orúkọ lórí ẹ̀. Wọ́n dá a padà. Ilé-iṣẹ́ wo nọ́ńbà, wọ́n di ẹ̀bùn, wọ́n fi ránṣẹ́.

Yéè!

Télọ̀ tí orí ẹ̀ ń dán bí ìsàlẹ̀ ìkòkò tuntun gba òòyà àti ìpara irun. Wọ́n kọ lẹ́tà mọ́ ọn: "A gbọ́ pé irun yín ti pọ̀ jù, kò ṣeé yà mọ́. Ẹ kú ìnira."

Ìyá àgbà tí ẹyọ eyín kan ò sí lẹ́nu ẹ̀ gba búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Líle ni wọ́n mú fún un. "Fún eyín yín tó lágbára," ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ọ̀gá akọrin wá ńkọ́? Ọkùnrin tí kì í jáde láìfín lọ́fínńdà, tó jẹ́ pé òórùn dídùn ẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kí òun tó wọlé. Ó tú tiẹ̀ níwájú gbogbo ẹgbẹ́ akọrin, ó gbé gíláàsì sójú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè: "A dúpẹ́ pé ẹ jẹ́wọ́ fún wa. Abíyá tó ń rùn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀..."

Ó sáré ká lẹ́tà náà.

Àwọn olóhùn òkè wolẹ̀. Àwọn olóhùn ìsàlẹ̀ wòkè.

Ẹ gbà mí, ẹ̀rín fẹ́ yọ mí níkùn!

Ibi tí Wo-Àárín ti ń gbọ́ ìròyìn yìí ni ìyá ìyàwó rẹ̀ já wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé ìgò òróró kékeré kan dání bí ẹni gbé òkúta.

"Ọkọ ọmọ mi!"

Wo-Àárín dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ káàbọ̀, Mà."

"Dìde, kí n rí ojú ẹ. Wọ́n ní kí n máa fi èyí ra imú kí n tó sùn. Wọ́n ní híhanrun mi kì í jẹ́ kí àwọn tó sùn tì mí rí oorun sùn. Ta ló sùn tì mí nínú ìdílé yìí, tó ń sọ fún ilé-iṣẹ́ pé mò ń hanrun?"

"Mà, kì í ṣe èmi o!"

"Ìwọ lo sùn ní pálọ̀ mi nígbà àjọ̀dún."

"Mi ò gbọ́ nǹkankan, Mà!"

"Kí ló ṣe tí o ò fi gbọ́? Ṣé adití lọmọ mi fẹ́ ni?"

Ẹni tó bá mọ èsì ọ̀rọ̀ yìí kó wá sọ ọ́. Wo-Àárín ṣì wà nídọ̀bálẹ̀ nígbà tó gbọ́ bàtà gogoro lẹ́nu ọ̀nà. Kò, kò, kò, kò!

Màdáámù.

Wo-Àárín rápálá wọ abẹ́ tábìlì. Tábìlì mẹ́ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ ti mọ abẹ́ èyí tó wọ̀.

"Onítẹ̀wé dà? Jáde níbẹ̀, mò ń wo ìdí ẹ."

"Màdáámù, ẹ ṣàánú mi. Mo láwọn ọmọ. Ti àárín bára mu, mo fi Ọlọ́run búra..."

"Àárín kí ni? Dìde, kí n kí ẹ kú iṣẹ́!"

Wo-Àárín ò dìde. Ó rò pé ẹ̀tàn ni. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ló fa ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde.

"Ọjà wa tán pátá," ni Màdáámù wí. "Gbogbo ọdún la máa ń ṣe ìwádìí, ẹnikẹ́ni kì í ra nǹkankan. Ẹni tó bá mọ̀ pé abíyá òun ń rùn, ó ti mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀, tó kàn dédé gba ọṣẹ abíyá, ó rò pé àwọn aládùúgbò ló lọ fẹjọ́ sùn. Ọ̀gá akọrin nìkan ra páálí ọṣẹ kan gbáko! Olú ilé-iṣẹ́ ń yìn mí. Wọ́n fẹ́ gbé mi ga, wọ́n sì ti fi lẹ́tà ipò tuntun ti gbogbo òṣìṣẹ́ wa ránṣẹ́. Nọ́ńbà nìkan ló wà lórí ẹ̀, kí àṣírí má tú. Ìwọ ni wàá tẹ orúkọ àti nọ́ńbà sára àpò rẹ̀, wàá kì í, wàá lẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ kó rí gẹ́lẹ́ bíi ti àkọ́kọ́."

"Gẹ́lẹ́, Màdáámù?"

"Gẹ́lẹ́! Má fi ọgbọ́n orí ara rẹ kún un."

Ìyàwó Wo-Àárín la ẹnu. Wo-Àárín wò ó lójú. Ìyàwó pa ẹnu dé. Ta ló fẹ́ sọ pé òun gbọ́n ju Màdáámù lọ?

Ó sì ṣe é gẹ́lẹ́.

Bí orúkọ ṣe tò nìyí: Màdáámù wà lókè pátápátá, bàbá tó ń ṣọ́ géètì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ jẹ́ kí n má pariwo.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, oníkálukú tú tiẹ̀. Ti bàbá ẹlẹ́ṣọ̀ọ́: "Láti òní lọ, ìwọ ni alákòóso gbogbo ẹ̀ka yìí." Ti Màdáámù: "Máa bá iṣẹ́ ẹnu géètì lọ. Fèrè tuntun wà nínú dúrọ́ọ̀." Akọ̀wé kan tó wà láàárín ni ò rí ìyípadà kankan. Wọ́n pe olú ilé-iṣẹ́. Olú ilé-iṣẹ́ ní àwọn ti fọwọ́ sí i, àwọn ti lu òǹtẹ̀, òǹtẹ̀ àwọn kì í sì í yẹ̀.

Wo-Àárín sáré lọ tọrọ gáfárà. Ta ló rí lẹ́nu géètì? Màdáámù, nínú kakí tó fẹ̀ jù ú lọ, fìlà bò ó mọ́ ojú.

"Wo-Àárín! Kí lo fi mí ṣe?"

"Gẹ́lẹ́ lẹ ní kí n ṣe é, Mà."

Màdáámù fẹ́ sọ̀rọ̀, fèrè wà lẹ́nu ẹ̀. Fèèèè!

Nínú ọ́fíìsì, bàbá ẹlẹ́ṣọ̀ọ́ wà lórí àga tó ń yí, ó ń yí i: wììì, lọ, wììì, bọ̀.

"Ṣé ìwọ lo tẹ lẹ́tà wọ̀nyí?"

Wo-Àárín tún dọ̀bálẹ̀. "Ẹ darí jì mí, ọ̀gá."

"Kí n darí kí ni jì ọ́? Gbogbo ìwé ilé-iṣẹ́ yìí, tìẹ ni! Ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ ẹ, ọwọ́ èmi ló ti gbà á." Ó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ náà, gbàá, ó nà án sí i.

Bí Wo-Àárín ṣe ń dúpẹ́ ni wọ́n gbọ́ ariwo nísàlẹ̀. Kààà! Kààà! Màdáámù ń bá géètì jà, géètì ò ṣí, mọ́tò ti tò títí dé títì. Ọ̀gá tuntun yọ orí lójú fèrèsé.

"Ẹ gbé e sókè díẹ̀ kẹ́ ẹ tó fà á! Sókè! Kì í ṣe bẹ́ẹ̀! Áà, ẹ fẹ́ ba géètì mi jẹ́!"

Kò lè fara dà á. Ó sáré sọ̀kalẹ̀, ó já fèrè gbà, ó ti Màdáámù sẹ́yìn. "Ẹ bọ́ síbẹ̀ yẹn, ẹ lọ jókòó síbìkan."

Màdáámù lọ jókòó síbìkan. Inú ọ́fíìsì lókè ni.

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀gá ń ṣọ́ géètì, ẹlẹ́ṣọ̀ọ́ ń darí ilé-iṣẹ́. Ohun gbogbo ti padà sípò rẹ̀ wẹ́rẹ́.

Àfi owó oṣù.